Ọjọ́ Tí Wọ́n La Ikùn Dákẹ́ ní Garéèjì Zongo

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́. Orí mi ti ń jò bíi tapólì àtijọ́. Bí mo bá da ọdún kan pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí tí mo gbàgbé orúkọ ẹnì kan, ẹ bá mi fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ọ̀rọ̀ ajá mi, ìyẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ fún mi láyè kí n rò ó fún yín.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ní dandan ni kí n sọ ọ́, pé òun á kọ ọ́, òun á sì fi sórí fóònù kí gbogbo èèyàn rí i. Ó dáa. Máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i, Àdùkẹ́. Má tún un ṣe!

Ará Ṣábẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n Parakou ni mo ti dàgbà. Ìgbà tí mò ń wí yìí, ìgbà Rẹfolusíọ̀n ni, ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì. Olówó, tálákà, ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀pà, kamaráàdì ni gbogbo wọn! Garéèjì ọkọ̀ akẹ́rù ní Zongo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tapólì ni mò ń rán, aṣọ tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí kámíọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Tapólì. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Mo ní abo ajá kan, Dákẹ́ ni mo sọ ọ́. Òun ló ń ṣọ́ ẹrù tí àwọn kámíọ̀n bá já sílẹ̀. O lè gba iwájú rẹ̀ kọjá, o lè jókòó tì í, kò ní wò ẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kan okùn tapólì tí kì í ṣe tìẹ, o máa mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án!

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Dákẹ́ ń bímọ. Ó ń bí, kì í sì í bí díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà tún ń bí. Àwọn ṣofẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn awakọ̀, á gbé ajá wá láti Malanville, láti Djougou, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sí garéèjì, ìyẹn náà á tún bí. Ta ló máa bọ́ gbogbo wọn? Bí o bá ju egungun kan sílẹ̀, ogun dé! Kámíọ̀n ń tẹ àwọn ọmọ ajá pa. Àwọn tó sì yè, egbò ni lára, egungun ìhà ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú jù ni Àlùfáà Súlé. Yorùbá bíi tiwa ni, mùsùlùmí, oníṣòwò aṣọ. Ilé rẹ̀ kọjú sí garéèjì. Bó bá ṣe àlùwàlá tán, ajá kan á wá fi imú tútù kàn án lẹ́sẹ̀, bàbá á tún padà lọ fọ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ajá kan wọ́ búta àlùwàlá rẹ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀. Bàbá jáde, ó ń pariwo, "Tapólì! Ṣé èmi ni mo bá ẹ bí wọn ni? Wá kó àwọn ọmọ ẹ!" Gbogbo garéèjì bú sẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ̀rín tán lẹ́nu wa nígbà tí ajá kan bu ọmọdé jẹ ní àdúgbò Banikanni. Wọ́n ní ajá dìgbòlugi ni. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba gbogbo ìlú.

Délégéè àdúgbò wa pe ìpàdé. Délégéè, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wa nìyẹn. Ọmọ Bàríbá ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, Bíó lorúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn ọdẹ ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Gbogbo ajá tó wà ní garéèjì ni wọ́n máa pa, wọn ò ní yọ ti ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ní ajá tó ń jẹ tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀tá Rẹfolusíọ̀n ni!

Mo dìde. Èmi tí mi ò la ẹnu rí nípàdé! Mo ní Dákẹ́ ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ kamaráàdì tó jókòó síbẹ̀ lọ. Mo ní bí wọ́n bá pa àwọn ajá yìí tán, àwọn mìíràn á wá láti ìta, wọ́n á wá jẹ egungun yẹn náà, wọ́n á sì máa bímọ. Mo ní nílé wa ní Ṣábẹ̀, bí àgbò bá ń yọni lẹ́nu, a kì í yìnbọn fún un, ṣe la máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kí ló dé tí a ò lè tẹ ajá lọ́dàá kí wọ́n yé bímọ?

Háà! Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn! Ṣofẹ́ẹ̀ kan ní, "Tapólì, ṣé ajá lo fẹ́ bọ́ sanra de Iléyá ni?" Òmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tèmi náà ti ń pọ̀.

Bíó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, kamaráàdì Tapólì. Mo fún ẹ títí di Iléyá. Bí ọdún bá ti kọjá, èmi fúnra mi á wá wo abẹ́ gbogbo ọkọ̀. Bí mo bá rí ọmọ ajá tuntun, bó jẹ́ ẹyọ kan, àwọn ọdẹ á wọlé. Dákẹ́ ẹ yẹn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ yìnbọn fún."

Ẹ wá wò ó, ta ló kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́? Àlùfáà Súlé ni! Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti múra èébú sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà tó máa ń bá òun tẹ àwọn àgbò òun lọ́dàá, òun á pè é wá. Ó ní, "Má rò pé mo fẹ́ràn ajá o! Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi ni."

Ọkùnrin náà wá. A mú gbogbo akọ ajá garéèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gé wa jẹ, a ò jáwọ́. Nígbà tí a ṣe tán, a kí ara wa kú oríire. Kò sí akọ mọ́, níbo ni oyún ti fẹ́ wá?

Ṣé ẹ ti rí ibi tí a ti ṣì í? Ṣe la mú ajá bí àgbò! Àgbò ilé rẹ, o so ó mọ́lẹ̀. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ajá ń rìn! Nígbà tí àkókò tí Dákẹ́ ń wá akọ tó, akọ ajá dé láti Banikanni, wọ́n dé láti ojú irin, ọ̀kan tiẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ látorí kámíọ̀n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tíì kú!

Mo ti Dákẹ́ mọ́ yàrá. Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó mi, bi mí pé, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé ìyàwó tuntun lẹ gbé wọ yàrá mi ni?" Àwọn akọ tó wá ń dúró dè é, ẹnu ọ̀nà Àlùfáà Súlé ni wọ́n lọ sùn sí, nítorí ibòòji wà níbẹ̀. Ẹ fọkàn yàwòrán ohun tí Àlùfáà ń sọ!

Mo bá lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ìjọba. Ará Kétu kan ni mo bá níbẹ̀, Dókítà Ìdòwú. Mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, akọ ẹyọ kan tó bá wọlé á fún gbogbo abo yín lóyún. Àwọn abo gan-an ni ká ṣe." Ó ní àwọn máa fún abo kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ oorun, àwọn á la ikùn rẹ̀, àwọn á yọ ilé ọmọ, àwọn á sì fi òwú rán ikùn náà padà.

Mo ní ṣé mẹ̀kúnnù lè san owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní bí ẹnì kan bá dá wá, owó á pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ara wa jọ, òun á wá sí garéèjì fúnra òun, a ó jọ pín owó òògùn, kálukú á sì mú ohun tó bá ní wá: ọṣẹ, òwú, aṣọ mímọ́. Òun á tún gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi. Ó ní kí n jẹ́ kí àkókò Dákẹ́ kọjá ná.

Gbogbo ẹni tó ní abo ni mo lọ bá. Gbogbo wọn ló ní ó dáa, kí tèmi kọ́kọ́ lọ! Wọ́n ní ajá tí wọ́n bá la ikùn rẹ̀, òkú ajá ni. Ìyá Fẹ́mi bínú sí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fa eyín yín! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ la ikùn ajá!" Ó fẹ́ràn Dákẹ́ jù mí lọ, kò sì fi pa mọ́. Bí mi ò bá ṣe é, ṣé kì í ṣe ìbọn ló kù?

Nígbà tí àkókò Dákẹ́ ti kọjá, Dókítà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. A gbé tábìlì sábẹ́ máńgòrò, mo fọ tapólì tuntun kan, mo tẹ́ ẹ sórí rẹ̀. Garéèjì kún! Bíó wà níbẹ̀. Àlùfáà Súlé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ẹ̀wù sókè. Èmi ni mo di orí Dákẹ́ mú títí ojú rẹ̀ fi pa dé.

Mi ò lè wo ìgbà tó ń gé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí rán an, mo wò ó. Iṣẹ́ mi kúkú nìyẹn! Kò fa òwú lọ gbọọrọ. Ó ń ta kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń rán etí tapólì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, ìyókù á di ara wọn mú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, "Dókítà, bí iṣẹ́ ìjọba bá sú yín, ẹ wá bá mi níbí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó rán an tán. Dákẹ́ ò jí.

A dúró. Oòrùn kúrò níbi kan, ó bọ́ síbòmíràn. Ahọ́n rẹ̀ wà níta. Ìyá Fẹ́mi fi etí ìró nu ojú. Àwọn tó mú ajá wá bẹ̀rẹ̀ sí fà á padà sílé díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ṣé mo sọ ọ́ fún yín!" Dókítà fetí sí àyà Dákẹ́, ó ní kí a ní sùúrù, ó ń mí. Àlùfáà Súlé ń mi ètè láìpariwo.

Ṣofẹ́ẹ̀ kan tí ìdúró ti sú lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ di okùn tapólì le kó máa lọ. Bó ṣe fọwọ́ kan okùn náà báyìí, a gbọ́ "ùrrr!" Orí Dákẹ́ ṣì wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣì pa dé, ètè rẹ̀ sì ti ká kúrò lára eyín!

Ariwo sọ! Ṣofẹ́ẹ̀ náà sá sẹ́yìn, ó ń pariwo pé, "Ẹrù mi ni o! Ẹ sọ fún un pé ẹrù mi ni!" Ìyá Fẹ́mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti ń fa ajá lọ sílé sáré padà wá, wọ́n ń du ẹni tó máa kàn. Dókítà ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Ó tún padà wá lẹ́yìn náà, títí kò fi ku abo kan tí a ò ṣe ní garéèjì.

Iléyá dé, ó lọ. Bíó ò gbàgbé. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, òróró ẹ́ńjìnnì ba ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́. Kò rí nǹkan kan. Lójijì a gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn àwọn táyà àtijọ́. Bíó na ọwọ́ síbẹ̀, ó fà á jáde. Ọmọ ológbò!

Ó gbé e dání, ó wò mí, ó wo ọmọ ológbò náà. Ó ní, "Ajá la sọ, a ò sọ ológbò." Ó dá a padà sídìí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Fẹ́mi," kò tiẹ̀ pè mí ní kamaráàdì mọ́, "ìgbà wo ni dókítà yẹn tún ń bọ̀? Ajá màmá mi nílé ti tún bímọ."

Àwọn ọdẹ ò wọ garéèjì wa rárá.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹ má pa wọ́n, ẹ má sì lọ dà wọ́n sẹ́bàá títì bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe lónìí. Ẹ pe ara yín jọ ládùúgbò, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ ṣe àwọn abo, ẹ gún wọn lábẹ́rẹ́. Kò wọ́n bí ẹ ṣe rò, bí ẹ bá jọ ṣe é. Mo ti ṣe é, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣe é fún ajá tàbí ológbò rẹ̀? Kí ni àwọn ará ilé yín sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, Àdùkẹ́ á kà á fún mi.

Ó tó. Àdùkẹ́, kà á sókè kí n gbọ́.