Orúkọ Nìkan Kì í Ṣe Àṣẹ

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwé ọmọ mi ní Padova, nílẹ̀ Italy, pe àwa òbí wá wo àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí olùkọ́ wọn kó jọ sórí tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí olùkọ́ náà ṣe ki dísìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹrẹ-kẹrẹ, bí ẹni tó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ọmọ mi obìnrin fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀rọ náà títí, kò dáhùn.

"Mamma, ma dove si tocca?"

Ó ń bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń fọwọ́ kàn án. Mo ní wọn kì í fọwọ́ kàn án, wọ́n máa ń kọ̀wé sí i ni. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni n ó sọ ìyókù fún.

Torino la gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nínú ilé alájà mẹ́rin kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin sì yí i po. Kò sí ẹni tí kì í mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sè. Bí ìyá mi bá ti da ata sínú epo gbígbóná, signora, ìyá ará Italy tó wà nísàlẹ̀, á ti fèrèsé rẹ̀ gbà-à, á wá húkọ́ kí a lè gbọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, á gba àwo ìrẹsì lọ́wọ́ wa, òfìfo ni àwo náà sì máa ń padà.

Òkè wa gan-an ni Fúnmi ń gbé, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ó ń retí documenti, ìwé tí yóò fi wọ Italy. Fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń ṣe Fúnmi. Bí òtútù bá ti dé, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò ní lè lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tí bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní fabbrica, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, fi ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún un, kí ó má bàa máa dá nìkan wo ògiri.

Lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń gòkè lọ bá a. Á wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, á gbé pátákó ìtẹ̀wé ẹ̀rọ náà lé itan, á máa kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í kí èèyàn. Ojú búlúù ló máa là sílẹ̀, àmì kékeré kan á máa ṣẹ́jú níbẹ̀, á máa retí ẹ. Iṣẹ́ ni wàá kọ́kọ́ dárúkọ, wàá fi àyè sílẹ̀, wàá wá dárúkọ nǹkan tí o fẹ́ kó fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí o bá fẹ́ kí àwòrán kan wà nínú dísìkì mìíràn, wàá kọ "copy", wàá dárúkọ àwòrán náà, wàá kọ "to", kí o tó sọ ibi tó ń lọ. Bí o bá gbàgbé àyè kan péré, ó ní òun ò mọ àṣẹ yẹn. Bí o bá sì kọ "delete", kò ní bi ẹ́ bóyá ó dá ẹ lójú. Nǹkan náà ti lọ nìyẹn.

"Ó le ju ìyá ẹ lọ," ni Fúnmi máa ń wí.

Ilé ló máa ń yà sínú kọ̀ǹpútà náà, ilé tí fèrèsé wọn pọ̀ ju ògiri lọ.

Nígbà òtútù kan, àmbúláǹsì wá gbé e láàárọ̀, kò sì padà wá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti sọ fún mi pé ó ti kú. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Títí dòní n kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún. Mo jẹun lọ́jọ́ náà, mo ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Ara mi dà bí ọwọ́ tó pẹ́ nínú yìnyín: mo rí i, mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́sàn-án Sátidé kan lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Fúnmi pè mí láti òkè. Mo bá wọn níwájú kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì bọ́ kóòtù.

"Bá mi tan nǹkan yìí, ọmọ mi."

Mo tàn án. Wọ́n wo ojú búlúù yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n na ìka kan, wọ́n ń wá lẹ́tà kiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ "Funmi". Mo fi ibi tí wọn yóò tẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ àṣẹ yẹn. Wọ́n tún un kọ. Èsì kan náà ni.

"Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Orúkọ nìkan kì í ṣe àṣẹ, sà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. "Nílé wa, orúkọ nìkan là ń pè. Ọmọ á sì dáhùn."

Ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú sí wa. Wọ́n sún àga mọ́ tábìlì, wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ́ mi."

Mo kọ́ wọn. Láti Sátidé dé Sátidé, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀, wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣí àwòrán, wọ́n sì wo gbogbo ilé tí Fúnmi yà tán. A kì í dárúkọ rẹ̀. Àwa méjèèjì ò sunkún lójú ara wa. Nígbà tí wọ́n fi Torino sílẹ̀ lọ síṣẹ́ èso kíká ní Cuneo, n kò mọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí á kí yín, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Signora ti kú. Àwọn àlejò tó ń sùn fún ọjọ́ díẹ̀ ló ń háyà yàrá wa. Mo máa ń retí pé ọjọ́ kan n ó sunkún Fúnmi, n kò tíì sun ún.

Mo lọ kí bàbá rẹ̀ ní Cuneo lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti darúgbó. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yí wọn ká, àwọn ọmọ tí a bí ní Italy, tí wọn ò gbọ́ nípa Fúnmi rí. "Bàbá Fúnmi," ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bàbá sì ń dá olúkúlùkù lóhùn.