Ìbọn Oníbátìrì ní Oko Ìjọ Wa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ilé ìjọsìn wa jóná nítorí ọgbọ́n àwọn àgbà inú rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé. Mo sì dúpẹ́ nítorí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí wọ́n kọ́ mi ní ìwé kíkà, Yorùbá lọ́jọ́ Ìsinmi, Faransé láàárín ọ̀sẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò ka ọ̀rọ̀ tó yé mi yékéyéké, tí n óò sì pa ẹnu mi mọ́.

Ìjọ wa ní Ifangni, nílẹ̀ Benin lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, ní oko àgbàdo kan lójú ọ̀nà Banigbé. Ibẹ̀ ni ohun tí à ń gbé wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè ti ń wá. Ọ̀pẹ yí oko náà ká, ẹyẹ ẹ̀gà sì kún orí ọ̀pẹ. Bí ọmọ àgbàdo bá ti ń ṣe omi funfun bíi wàrà, ẹ̀gà á dà bò ó bí ẹni pé àwọn ni ìjọ pè sí àsè.

Ìyá àgbà kan ló ń lé wọn. Opó ni. Á jókòó sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ láàárín oko, okùn mẹ́fà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, agolo tòmátì tí òkúta wà nínú rẹ̀ á so mọ́ òpin okùn kọ̀ọ̀kan. Bó bá fa okùn yìí, agolo á dún lápá ọ̀hún, ẹyẹ á fò. Ohun tí ìjọ ń fún un fún iṣẹ́ yìí ni àpò àgbàdo mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè. Òun ló ń jẹ títí àgbàdo mìíràn á fi dé. Kò ní oko mìíràn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, alága ìgbìmọ̀ oko gbé ìbọn wá sí ìpàdé. Ìbọn ìṣeré ni o, irú èyí tí àwọn géńdé òyìnbó fi ń bá ara wọn jagun lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n á sì jọ jẹun lálẹ́. Àna rẹ̀ tó ń gbé ní Faransé ló fi ránṣẹ́. Bátìrì ló ń yí ẹ̀rọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa ta ọta róbótó kéékèèké jáde láìdúró. Lójú, kò yàtọ̀ sí ti ṣọ́jà. Inú àpò gààrí la máa ń fi í sí bí a bá ń gbé e lọ oko, nítorí àwọn aṣọ́bodè ọ̀nà wa kì í béèrè bóyá ìṣeré ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Alága ní, “Ẹ̀yin ará, lọ́dún yìí, ẹ̀gà máa rí ìbínú Olúwa.”

Ó ránṣẹ́ pe ìyá náà. “Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi.”

Ìyá wo ìbọn, ó wo alága. “Nǹkan yìí, kí ni wọ́n ń fún un jẹ?”

“Iná ló ń jẹ, Màmá. Courant.”

“Courant Ifangni níbí náà?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò máa jẹ. Ó ká okùn rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní Lagbé.

Bátìrì méjì ló bá ìbọn wá, pẹlẹbẹ, wọ́n rọ̀ lọ́wọ́, ike dídán ni wọ́n fi dì wọ́n. Ìwé Faransé kan wà nínú páálí. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, èmi ni mo kà á síta. Ó ní bí a kò bá ní í lo bátìrì yìí láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí a má tọ́jú rẹ̀ ní kíkún, kí a má sì jẹ́ kó gbẹ. Kí iná inú rẹ̀ wà ní ìdajì. Kí ibi tí a gbé e sí tutù, kó sì jìnnà sí ohun tó lè gbiná.

“Ìdajì kẹ̀?” ni alága wí.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa kò ní bá a jà kíákíá. Kó tó di àgbà ìjọ, ẹsáǹsì, epo ọkọ̀ tó ń ti òdìkejì ààlà wá, ló ń tà. Àwa níbí, a mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsáǹsì ju bí a ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó. Wọ́n á rọ bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì epo, kún dé ẹnu, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á gbé e síbi òjìji. Oníṣòwò tí bídọ́ọ̀nù rẹ̀ bá wà ní ìdajì, ọ̀lẹ ni. Lọ́jọ́ tí ààlà bá tì, ẹni tó rọ tirẹ̀ kún ló ń rẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé,” ó ní, “àwọn tó kọ ìwé yẹn, iná wọn kì í lọ. Wọ́n lè máa fi ìdajì ṣeré. Bátìrì àti bídọ́ọ̀nù, kí ló fi yàtọ̀? Ẹ rọ ọ́ kún!”

Àgbà kan lẹ́yìn ní, “Àmín!”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé yẹn. Mo mọ̀ pé alága ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó jù mí lọ, pásítọ̀ sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Mo tẹrí ba, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí bátìrì máa kún nígbà gbogbo. Ìlà tó gún régé ni. Mo ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí a dán ìbọn wò, ó dùn ún wò. Alága dúró láàárín oko bí ọ̀gágun, ìbọn ń kùn, ẹ̀gà ń sá. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò tíì yọ ọmọ, ó ku bí oṣù kan. A ní láti tọ́jú bátìrì. Àpótí kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú ilé ìjọsìn ni àpótí aṣọ pẹpẹ, nínú yàrá ẹ̀yìn tí páànù rẹ̀ ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni a gbé wọn sí, lórí aṣọ funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí àbẹ́là. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá parí tí ẹ̀rọ amúnáwá ṣì ń ṣiṣẹ́, alága á ní kí n kì wọ́n bọ iná.

“Ó ti kún, Bàbá.”

“Fi díẹ̀ kún un.”

Ọmọ àgbàdo ṣe wàrà. A ṣí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bátìrì méjèèjì ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fi igi tọ́, òórùn dídùn kan tó jọ ti ọ̀dà èékánná sì ti gba inú aṣọ pẹpẹ.

Alága wò wọ́n. “Wọ́n yó dáadáa.”

“Bàbá, wọn kò yó. Wọ́n ti bàjẹ́.”

Ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò tí kò gbà á mọ́ nídìí ìbọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìwé ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gún irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tàbí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Iná ni. Mo fi ṣọ́bìrì gbé méjèèjì jáde, mo rì wọ́n sínú garawa iyanrìn gbígbẹ ní gbangba, níbi tí kò sí koríko.

Ẹ rò pé ó ti tán? Alága tú bátìrì alùpùpù rẹ̀, ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó so wáyà mọ́ ìbọn. Mo sọ fún un pé agbára rẹ̀ ju ohun tí ìbọn lè gbà lọ dáadáa.

“Ohun tó ń jí alùpùpù, ṣé ìbọn ìṣeré ni kò ní í lè jí?”

Ó jí i lóòótọ́. Ìbọn náà hu, ó ta fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kán nínú rẹ̀ bí eyín tó bá òkúta pàdé nínú ìrẹsì, èéfín yọ. Ẹ̀gà kan wà lórí àgbàdo tí kò jìnnà sí wa. Ó wo alága tó pọn bátìrì, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún, gbogbo apá ìwọ̀ oòrùn oko ti di ṣùkù lásán. Ìgbìmọ̀ rán mi lọ sí Lagbé. Mo bá ìyá náà níbi tó ti ń bá àwọn onígààrí bó ẹ̀gẹ́, nítorí abọ́ gààrí kan.

“Akọ̀wé! Ẹ̀gà ńkọ́? Ṣé ẹ ti pa wọ́n tán?”

“Wọ́n wà, Màmá.”

“Ìbọn ńkọ́?”

“Ó ti kú.”

“Yéè! Kí ló pa á?”

“A bọ́ ọ jù.”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni mo sọ fún un pé ìwé ti kìlọ̀ fún wa, pé èmi ni mo kà á. Ẹ̀rín náà dúró.

“O mọ̀, o sì dákẹ́?”

“Mo dákẹ́, Màmá.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe mọ̀ pé n kò ní oko mìíràn, tó o dákẹ́. Voilà.”

Mo wo èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. “N óò wá. Ṣùgbọ́n alága yín á bá mi jókòó láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀. Okùn mẹ́ta fún un, mẹ́ta fún mi. Àpò mi á sì kúrò lóko kí àpò Ọlọ́run tó kúrò.”

“Màmá, ti àpò Ọlọ́run yẹn le díẹ̀.”

“Kí ló le níbẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ń jẹ gààrí ni?”

Alága ní òun kò lọ. Pásítọ̀ pè é sí yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó jáde, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ló fi jókòó. Àwọn tó ń ti ọjà Banigbé bọ̀ ń yà lọ́nà nítorí rẹ̀.

“Ẹ kú ogun o, Jẹ́nẹ́rà!”

Bó bá fẹ́ yíjú sí wọn, ìyá á ní, “Ẹ fa okùn, Bàbá. Ẹ̀gà ò mọ̀ pé alága ni yín.”

Ohun tí a kó lóko kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àpò mẹ́ta ti ìyá náà ló kọ́kọ́ jáde. Èmi ni mo fi alùpùpù gbé wọn dé Lagbé, ní ìrìnàjò mẹ́ta, nínú òòjọ́ kan náà. Ó ṣí ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá àgbàdo ni gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n kí ìyàwó mi. Kò ní kí n wọlé jókòó, n kò sì rò pé ó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí o ń kà á, kí Olúwa fi oúnjẹ sí ilé rẹ, kó má sì jẹ́ kí oúnjẹ ẹlòmíràn ṣòfò sí ọ lọ́rùn. Kó fún ọ ní ohùn tó máa jáde níwájú àgbà lọ́jọ́ tó bá yẹ kó jáde, kó sì fún àgbà náà ní etí. Àmín.