Ìyá Àgbà Mẹ́tàdínlógún

Ní ọ̀sán tí ìjì ṣí páànù ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ ni mo wà, nínú ìsọ̀ mi lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, mò ń fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Mo pe fóònù Màmá, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe girama, tó ń ṣe tíṣà kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ti kó àwọn tí yóò ṣèrànwọ́ jọ. Áàpù ọ̀fẹ́ kan ni wọ́n ń lò, èyí tí àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Àwọn kan ń wọ ojúlé sí ojúlé, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́. Àwa tá a wà lókèèrè ń tẹ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan àti ohun tó nílò sínú áàpù. Mo ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kí n kàn jókòó kí àyà mi máa já?

"Ìyá àgbà kan, páànù ti lọ, wọ́n ń fẹ́ tapólì tí wọ́n máa fi bo ilé." Mo tẹ Ìyá Àgbà. "Ìyá àgbà kan, igi bà wọ́n lẹ́sẹ̀." Ìyá Àgbà. Ta ni yóò bi àgbàlagbà tí òjò pa pé kí lorúkọ rẹ̀?

Mo tẹ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí mo wo àkójọ náà, ẹyọ kan péré ló kù. Mo pe ọ̀rẹ́ mi.

"Áàpù rò pé ẹnì kan náà ni, ó ti pa wọ́n pọ̀," ló wí. "Kí lorúkọ ìyá ọkọ tìẹ?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ bàbá ọkọ mi ló wà lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó wa.

"Ìyàwó ilé. Ọdún mẹ́fà, o ò mọ orúkọ wọn?"

"Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ìwọ mọ orúkọ ìyá ọkọ tìẹ?"

Òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ó tú inú áàpù náà, ó yọ ohun tó ń pa orúkọ pọ̀, ó sì fi ìbéèrè méjì kún un: agbo ilé wo, àti ta ló wà lọ́dọ̀ wọn? Àwọn tó ń wọ ojúlé padà lọ béèrè. Wákàtí tí mo fi dúró gùn ju oyún lọ. Ọmú ò sọ̀ mọ́. Ọmọ ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú ìkẹsàn-án ni mo ti gbọ́: "Ìyá àgbà kan, ọmọbìnrin kékeré wà lọ́dọ̀ wọn, yẹtí ẹyọ kan ló wà létí rẹ̀."

Èkejì yẹtí yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Mo pe ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́, ó gbé fóònù fún Màmá. "Kí lò ń sunkún sí? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la sá sí. Ọmọ rẹ ti jẹ bisikíìtì mi tán."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ máa fi pè mí ni?"

"Rárá o, Màmá. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ò tíì pè é títí di òní.