Omi Kọ́ Ni

Ọ̀gá mi àtijọ́ ò yà kí mi rí látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Keje tó kọjá, nínú òjò tí kò jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ gbé sílẹ̀ ní Festac, ó wá kanlẹ̀kùn mi. Ó mú lẹ́tà kan dání, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré kan ni.

Ọ̀rọ̀ kékeré! Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ gbé ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ̀rọ òòfà ńlá tí à ń pè ní NMR ni mo fi ń wo amáìdì, irú kẹ́míkà tó wà nínú ẹran ara wa àti nínú náílọ́ọ̀nù. Mo fẹ́ mọ bí haidirójìn inú rẹ̀ ṣe ń di nǹkan mú. Ẹ̀rọ náà á ya ìlà sórí bébà; níbi tí haidirójìn bá wà, ìlà á ga ṣóńṣó, èyí tó bá sì di nǹkan mú á sún sápá òsì. Lọ́jọ́ kan, ṣóńṣó kan sún lọ sí òsì, kò sì padà, bó ti wù kí n fi kilorofọ́ọ̀mù tí mo fi yọ́ ọ bù ú là tó. Bó bá jẹ́ amáìdì mìíràn ló dì mú, àbùlà yẹn ì bá ti yà wọ́n. Ara rẹ̀ ló dì mú! Mo sáré lọ fi han ọ̀gá.

"Omi ni," ló wí, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má bu omi sí nǹkan. Ìyá Olómi!"

Gbogbo láàbù bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kò pé ọdún kan sí ọjọ́ náà tí ṣóńṣó mi jáde nínú ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọmọ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú olójò kan lókè òkun ló kọ lẹ́tà tó mú wá. Ọmọ náà ti ṣe é títí, ṣóńṣó ò yọ. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé àkọsílẹ̀ yín." Ó ti wá ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ìyẹn ti pẹ́. Gbogbo wa la jọ ṣe é."

"Oṣù wo la jọ ṣe é?"

Kò mọ̀. Níbo ló ti máa mọ̀? Inú ọyẹ́ ni mo ti ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè mi ń là. Lóṣù mìíràn, omi inú afẹ́fẹ́ á wọ túùbù tí a ń kó kẹ́míkà sí, á sì já haidirójìn náà gbà mọ́ amáìdì lọ́wọ́.

"Kí ni kí n wá sọ fọ́mọ náà?"

"Ẹ sọ fún un pé omi ni."

Ó bínú dìde, ó gbàgbé lẹ́tà sórí àga. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìjọ mi ti ń sọ pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló fọ àwọn túùbù yẹn.

Àdírẹ́sì ímeèlì ọmọ náà wà lórí lẹ́tà. Kí mọ́tò ọ̀gá tó dé Apple Junction tí kò jìnnà sílé mi, mo ti ya fọ́tò ojú ìwé àkọsílẹ̀ mi, tòun ti ọjọ́ rẹ̀ àti ìbuwọ́lù mi, mo ti fi ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Èmi ni mo ṣe é."