Mo Lọ sí Emùré Nítorí Àdúrà Kan

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì náà tí mo fi dé gáréèjì ní Ìbàdàn, báàgì kan léjìká, Bíbélì lábẹ́ apá. Àbúrò bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ní Emùré-Èkìtì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ara wọn kò yá. Fúnkẹ́ ọmọ wọn ló pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ mú àdúrà yín dání."

Mo mọ àdúrà tí wọ́n ń sọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wọ ilé wọn kẹ́yìn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni mo san dé Àkúrẹ́. Kí ọkọ̀ tó gbéra, oníwàásù kan fara ti ilẹ̀kùn, ó wàásù díẹ̀, ó ní, "Ẹ di ojú yín. Ẹ máa wí tẹ̀lé mi: Jésù Olúwa, mo mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí." Gbogbo wa wí i. Awakọ̀ náà ń wí i, ó ń nu gíláàsì iwájú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo bá bi í bóyá òun náà gba Jésù lónìí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, àràárọ̀ ni mò ń gbà á. Tí mi ò bá wí i, oníwàásù ò ní kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Oníwàásù ni èmi náà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Iléṣà.

A dé Àkúrẹ́ lọ́sàn-án. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ìlú tí wọ́n ti bí mi. Àwọn àpáta ńlá náà yọ sí wa, òjò àná ṣì ń ṣàn lára wọn. Mo ra àgbàdo sísè, mo san ẹgbẹ̀rún méjì fún takisí tó ń gba Ìsẹ̀ lọ sí Emùré.

Ní Ìsẹ̀, mo bẹ dẹ́rẹ́bà kó rọra sáré nítorí ilé ìwé girama mi tó wà lẹ́bàá títì. Abẹ́ igi máńgòrò kan níbẹ̀ ni àwọn ajíhìnrere ti kó wa jọ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìgbàlà na ọwọ́ sókè. Mo nà án. Mo wí tẹ̀lé wọn, mo sunkún, ara mi sì fúyẹ́ bí ti ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. A kọrin títí ohùn fi há. Igi náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀ òórùn koríko tútù ọjọ́ náà tún ta sí mi nímú.

Ayọ̀ yẹn náà ni mo fi ṣẹ Bàbá Kékeré. Nígbà ọlidé, mo lọ kí wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé, iyán ti wà nílẹ̀. Mo dìde dúró, mo ní kí wọ́n wí àdúrà náà tẹ̀lé mi kí a tó jẹun. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n fọwọ́ ná." Mo ní n kò lè bá aláìgbàgbọ́ jẹun. Mo gbé báàgì mi, mo padà sí Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ló ń san owó ilé ìwé mi, wọn kò sì torí ẹ̀ dá a dúró. Nígbà tí ojú mi là, ìtìjú kò jẹ́ kí n lọ mọ́.

Nígbà tí mo dé Emùré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo bá Bàbá lórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, wọ́n ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé o ti dé?" ni wọ́n wí. "Fúnkẹ́, gún uṣu fún un."

Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu níbẹ̀, bí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ sí mi létí. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n fún ọ̀rọ̀ àtijọ́, wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Jẹun ná."

Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Àìkú ni a ń gún iyán nílé mi. Ní Emùré, ojoojúmọ́ ni. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́.

"Ó yá," ni Bàbá wí, "mú àdúrà rẹ wá."

Mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wí gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ̀lé mi, wọ́n dákẹ́.

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti wí i fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, ṣé ẹlòmíràn ni yóò máa kọ́ mi ní ohun tí n ó fi bẹ̀ ọ́?"

Mo gbé Bíbélì mi sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi." Wọ́n di ojú. "Jésù, èmi rèé nínú ulé mi. Mo sún ààlà oko Bàbá Táyé. Mo búra pé n kò sún un. Ìlà kòkó mẹ́ta ni, tirẹ̀ ni. Unú mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Dárí jì mí. Gbà mí bí mo ti rí."

Ẹnu mi ti ń mì kí n tó mọ̀. "Unú mi kò balẹ̀," ni mò ń wí. "Dárí jì mí."

Bàbá ní kí Fúnkẹ́ lọ pe Bàbá Táyé, aládùúgbò wọn. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ló sọ. "Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Bàbá Táyé lọ sí oko, a gbin pèrègún tuntun sí ojú ààlà àtijọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni mo padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka iye ọwọ́ tó nà sókè nígbà ìwàásù mi. N kò padà lọ béèrè ohun tó wà nínú ẹnikẹ́ni lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń rò títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn nírọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi gba báàgì lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé Bàbá wí àdúrà náà tẹ̀lé yín?"

"Wọ́n gbàdúrà," ni mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo wí tẹ̀lé wọn."