Ẹnu Tèmi Ló Lé Ìyá Oníbàtà Kúrò Lórí Ìlà

Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo mọ bí a ṣe ń ṣèwádìí ọkọ ìyàwó. Ta ni bàbá rẹ̀, ìlú wo ni wọ́n ti wá, ṣé kò sí àrùn burúkú nínú ìdílé wọn. Bí a ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí ìdìbò ààrẹ kù díẹ̀. Ní gbogbo ọjà Ifọ̀, mi ò rí ẹni tó bèèrè ohun tí àwọn tó fẹ́ ṣe ààrẹ ti fi ọwọ́ wọn ṣe rí. Ìlú bàbá wọn là ń bèèrè. Tí wọ́n bá ti ní ọmọ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ parí. Tí wọ́n bá ní ọmọ Íbò ni, tàbí Hausa, a ó yọ ṣùtì. Bàbá kan tó ń ra garawa oníke lọ́wọ́ mi ní ojú ọmọ wa jọ ti aláàánú. Mo ní bàbá, ojú inú fọ́tò lẹ rí yẹn, wọ́n ti kùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tiwa ni tiwa. Kòtò iwájú ìsọ̀ mi kò mọ tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, òjò ọdọọdún ló ń gbà sínú. Síbẹ̀, èmi náà, tiwa ni mo fẹ́ dìbò fún.

Ìsọ̀ ìyá oníbàtà ló tẹ̀ lé tèmi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé láti ilẹ̀ Íbò. Ifọ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ èdè Ẹ̀gbá bí ìyá àgbà. Èmi tí wọ́n gbé níyàwó wá láti Ìbafọ̀, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa kí ìyá ọkọ mi. A máa ń bú ara wa ṣeré: á pè mí ní oníke jíjò, èmi á pè é ní ará Íbò tó sọnù. A ó rẹ́rìn-ín títí oníbàárà á fi rò pé orí wa ti yí.

Lọ́jọ́ ìdìbò, a jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí orúkọ àwa méjèèjì wà. Ó wà níwájú mi lórí ìlà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń kí èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíni ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọlúàbí; ẹnu ni wọ́n ń tọ́ wò. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá wúwo, wọn á ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí wọ́n kan ìyá oníbàtà, ó fi Ẹ̀gbá ṣàdúrà fún wọn débi pé ọ̀gá wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Wọ́n kọjá lọ.

Ẹnu wá ń yún mi. Irú ẹ̀fẹ̀ yìí, ṣé kí n jẹ́ kó ṣòfò ni? Mo pè wọ́n padà.

“Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìyá tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún yẹn, ojúlówó ọmọ Íbò ni. Ó gbọ́ Yorùbá ju bàbá tó bí yín lọ.”

Mo fẹ́ kí ojú tì wọ́n ni. Gbogbo ìlà sì rẹ́rìn-ín lóòótọ́, èmi ni mo rín in jù. Ọ̀gá wọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní kí ìyá oníbàtà mú káàdì rẹ̀ wá, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó dá a padà fún un jẹ́ẹ́.

“Mọ́mì, ẹ máa lọ sílé. Ìdìbò tòní kì í ṣe tiyín.”

Ìyá oníbàtà kò wo ojú ọmọ náà rárá. Èmi ló ń wò. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni wa ni. Ọmọ náà bi mí bóyá kí èmi náà kúkú sìn ín délé. Mo di káàdì tèmi mú, ìyá oníbàtà yà kúrò lórí ìlà. Ó lọ. Mo sún síwájú sí àyè tó fi sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo tẹ̀ka fún tiwa.

Ojú ọ̀nà ilé ni mo wà kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò bi í rí ta ló fẹ́ dìbò fún. Gbogbo ọdún tí a fi jókòó ti ara wa, mo rò pé mo ti mọ̀, nítorí orúkọ bàbá rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà lèmi àti àwọn ọmọ yẹn fi ń wọn èèyàn. Tèmi kàn ní ẹ̀rín nínú ni.

Nígbà tí ọjà ṣí, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní àwàdà ni. Ó ní òun mọ̀ pé àwàdà ni.

“Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ mí, ìyá oníke. Ìwọ lo mọ̀ mí.”

Ó ń to bàtà rẹ̀ lọ. Mo padà sídìí ike mi.

Tiwa wọlé. A jó díẹ̀, a padà sídìí ọjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ń ná bàtà lọ́wọ́ ìyá oníbàtà, ó ní kó dín in kù fún òun, ṣebí ọmọ Ifọ̀ ni àwọn méjèèjì.

“Ẹ má bínú,” ó fi Ẹ̀gbá dá a lóhùn, “àlejò ni mí.”

Oníbàárà rò pé àpárá ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ mi lára. Ìyá oníbàtà kò bá wa rín in. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ẹsẹ̀ kejì bàtà náà jáde nínú àpò, ó nà án sí obìnrin náà.