Sódà Tó Di Ìyẹ̀fun Lápò Ọkọ Mi

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi po omi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láàbù ilé ìwé, tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ò sì pè é lórúkọ rí. Kàn-Ilà ni wọ́n ń pè é. Ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ilà tín-ín-rín kan yí ọrùn náà ká. Á kọ́kọ́ da oògùn tó ti wọ̀n sínú ìgò, á bu omi díẹ̀ sí i, á mì í títí gbogbo rẹ̀ á fi yòrò, lẹ́yìn náà ni á wá máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi kan ilà. Bí ẹ̀kán omi kan péré bá kọjá ilà, á dà á nù, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo bi í nígbà kan pé, “Ẹ ò ṣe kúkú rọ omi lítà kan kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá da oògùn sí i?”

“Oògùn náà ń gba àyè ni. Omi ni onílé, ohun tó ń yòrò ni àlejò. Ìgbà tí àlejò bá jókòó tán la tó ń mọ bí ilé ṣe kún tó.”

Alágbàfọ̀ ni mí, ìwé mẹ́rin péré ni mo sì kà, ṣùgbọ́n ó fi sùúrù kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní mólárítì. Ó ní àwọn àlejò wọ̀nyí kéré débi pé ojú ò rí wọn, kò sì sẹ́ni tó lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni wọ́n bá ń fi òṣùwọ̀n kà wọ́n ní agbo-agbo. Iye agbo tó bá wà nínú lítà kan, òun ni agbára omi náà.

Ọdún tí tíṣà kẹ́mísìrì tuntun dé ni wàhálà dé. Ọmọ kékeré ni, bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń fi ásíìdì wọn agbára omi tí ọkọ mi fi sódà pò, sódà kan náà tí àwa alágbàfọ̀ fi ń fọṣọ. Ásíìdì tó yẹ kó lọ tó ìwọ̀n márùndínlọ́gbọ̀n kí sódà tó túúbá, mẹ́sàn-án péré ló lọ. Tíṣà pe ọkọ mi síwájú gbogbo àwọn tíṣà yòókù.

“Bàbá, ó ju ìdajì sódà yìí lọ tó ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Níbo ló wà?”

“Bí ìwé mi ṣe wí ni mo ṣe wọ̀n ọ́n, ọ̀gá.”

“Ṣé lóòótọ́ ni pé alágbàfọ̀ nìyàwó yín?”

Tíṣà fún un ní lẹ́tà: kó ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kó máa lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi rò ó fún mi, mo ṣépè fún tíṣà títí ẹnu fi ro mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ṣọ́ ọkọ mi. Bó bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ fọ kóòtù funfun rẹ̀, mo yí àpò rẹ̀ síta. Bébà kan jábọ́. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Mo fi omi ra á láàárín ìka méjì, ó ń yọ̀. Ta ni yóò kọ́ èmi ní sódà? Mi ò bi ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní ilé kejì sí tiwa, ni mo gbà lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ò parọ́ o. Àpò àbúrò yín ni mo ti bá sódà.”

Ó ń rán etí aṣọ lọ́wọ́. Ó kàn ń wò mí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo gbé bébà náà síwájú rẹ̀. Ó tú u, ó wò ó, ó wá gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni wo olè.

“Ta ló pààrọ̀ rẹ̀?”

“Pààrọ̀ kí ni?”

“Èmi ò gbé ìyẹ̀fun sápò! Ohun tó dà bí èérún dígí ni mo wé síbẹ̀ níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Inú agolo tuntun tí tíṣà rà, èyí tí mo fi po omi ọjọ́ náà, ni mo ti bù ú. Ó ń fu mí lára, mo ní kí n fi hàn ọ́, ojú wá ń tì mí láti máa bi alágbàfọ̀ léèrè iṣẹ́ mi.”

“Alágbàfọ̀ náà lẹ fẹ́ níyàwó o! Ti agolo àtijọ́ ńkọ́?”

“Ìyẹ̀fun ni.”

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Alágbàfọ̀ wo ni kò mọ̀ pé sódà olókùúta máa ń di ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ bó bá ti kúrò nínú agolo tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tí á sì fúyẹ́ lọ́wọ́? Omi ló há sára rẹ̀. Bí o bá wọn mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́fà tó jẹ́ omi.

Ọkọ mi jókòó gbì. “Èmi tí mò ń da omi nù nítorí ẹ̀kán kan. Omi ni mo gbé sórí òṣùwọ̀n, tí mò ń pè é ní sódà.”

“Ẹ gbé bébà yìí lọ fún un.”

“Kí n fẹnu ara mi sọ fún un pé mo gbé sódà jáde?”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dì mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kó fi bébà sílẹ̀ sílé, agolo ti tó ẹ̀rí. Àwa méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, àṣé ó ti gbé e dání. Bébà náà ló kọ́kọ́ gbé síwájú tíṣà.

Tíṣà fò dìde. “Ẹ ò rí i! Mo sọ bẹ́ẹ̀!”

“Ọ̀gá, ẹ jókòó ná,” ni mo wí. “Ẹ gbé agolo yín wá, ẹ fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.”

Ó wọn gíráàmù mẹ́wàá, ó gbé e kaná. Ó kọ́kọ́ yọ́, ó hó, ó wá gbẹ di funfun. Ó tún un wọ̀n: kò pé mẹ́rin. Ó yí agolo padà, ó ń kà á. Mi ò lè ka lẹ́tà kéékèèké wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mo lè ka ojú èèyàn.

“Wọ́n kọ ọ́ síbí,” ló wí, bí ẹni ń bá agolo sọ̀rọ̀.

“Èmi náà ò kà á, ọ̀gá,” ni ọkọ mi wí. “Ìwé mi àtijọ́ ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.”

Tíṣà fa lẹ́tà ya. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kó mọ sáàárín àwa mẹ́ta.”

“Rárá o. Iwájú àwọn tíṣà lẹ ti pè mí lólè. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti sọ pé n kì í ṣolè.”

Tíṣà sọ ọ́ níwájú wọn, ó kàn sáré sọ ọ́ ni. Bí a ṣe jáde, ọkọ mi yíjú sí mi.

“Ìwọ ńkọ́? Ta lo ti sọ fún?”

Mi ò bi í bó ṣe mọ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo gbà lọ tààrà, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ mi tán.

“Mo mọ̀ pé àbúrò mi ò jalè,” ló wí. “Lọ́jọ́ tó o wá síbí, ìwọ ni mò ń wò.”

Ó di oṣù mẹ́jọ tí ọkọ mi ti kú. Àwọn tó wá kí mi ń sọ pé olóòótọ́ èèyàn ni, wọ́n a sì ní, “Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n jù.” Ọjọ́ tí mo lọ pè é lólè níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń rántí.